Kíkà Ohun tí A Kò Lè Dá Mọ̀: Àlàyé lórí Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti Ìgbì nínú Plásímà Kúáńtọ̀mù

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣe àlàyé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka físíìsì tí ó le, ní èdè Yorùbá, láìdín òtítọ́ inú rẹ̀ kù. Ẹ̀ka náà ni ìṣirò ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti ti ìgbì nínú plásímà kúáńtọ̀mù. Ohun tí a pè ní ìṣirò ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ níhìn-ín ni ọ̀nà tí onímọ̀ ń gbà mọ ìṣesí ohun tí ó pọ̀ ju èyí tí a lè tọ̀ lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń ta ìrẹsì kò mọ ìtàn hóró kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó mọ ohun tí kóńgò kan yóò wọ̀n.

Orúkọ ẹ̀ka yìí lè kọ́kọ́ dẹ́rù ba òǹkàwé. Ṣùgbọ́n èrò wa ni pé orí ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: bí ohun méjì bá jọra tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọ̀nàkọnà láti dá èkíní mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, báwo ni a ó ṣe kà wọ́n? A ó rí i pé ìdáhùn tí ó tọ́ fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yàtọ̀ sí èyí tí ó tọ́ fún ìgbì, àti pé láti inú ìyàtọ̀ yìí ni dídán irin àti àìwó àwọn ìràwọ̀ kan ti wá.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn àlàyé kan wà tí wọ́n dùn ún sọ lédè wa, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. A ó tọ́ka sí wọn ní ìpín 8.

2. Kí ni plásímà?

Bí a bá fi iná sí yìnyín, yóò di omi. Bí iná náà bá pọ̀ sí i, omi yóò di oruku gbígbóná. Bí a bá tún mú kí ó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn. Àdàpọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ti já gbà àti ìyókù átọ́ọ̀mù tí wọ́n já kúrò lára rẹ̀ ni à ń pè ní plásímà. Irving Langmuir, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó fún un ní orúkọ yìí ní 1928. Oòrùn jẹ́ plásímà. Mànàmáná ojú ọ̀run jẹ́ plásímà. Ohun tí ó ń tàn nínú iná gbọọrọ tí à ń fi sí yàrá náà jẹ́ plásímà.

Nínú irú plásímà wọ̀nyí, ooru tàbí iná mànàmáná ni ó já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà. Ṣùgbọ́n plásímà mìíràn wà tí kò nílò ooru. Nínú wáyà bàbà, àwọn átọ́ọ̀mù súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà létí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan kò mọ ti ẹni tí òun í ṣe mọ́. Wọ́n di ti gbogbo ilé. Iye irú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú bàbà tí ó kún mítà kan ní ìbú, ní òòró àti ní gíga jẹ́ nǹkan bí 8.5 × 10²⁸. Nínú iná gbọọrọ, iye tí ó wà ní irú àyè bẹ́ẹ̀ sáábà máa ń wà ní ìtòsí 10¹⁷ sí 10¹⁸.

Fífún pọ̀ yìí ni ó fa ìyàtọ̀. Ní 1924 ni Louis de Broglie, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ pé gbogbo ohun tí ó ń rìn ni ó ní ìgbì tirẹ̀. Nínú iná gbọọrọ, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jìnnà sí ara wọn ju gígùn ìgbì wọn lọ, nítorí náà a lè máa rò wọ́n bí òkúta wẹ́wẹ́ tí ń fò kiri. Nínú bàbà, ìgbì èkíní ti wọnú ìgbì èkejì. Plásímà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé ojú ibẹ̀ ni plásímà kúáńtọ̀mù.

3. Ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà ka ọmọ ayò méjì

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọpọ́n ayò sílẹ̀. Ihò méjìlá ni ó wà lójú rẹ̀, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ni a sì fi ń ta á, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀ta ayò tí í béèrè pé ọmọ ayò wo ni ó wà nínú ihò wo. Iye tí ó wà nínú ihò ni ó kàn án. Bí a bá mú ọmọ ayò kan láti ihò kan tí a sì fi òmíràn dípò rẹ̀, ojú ọpọ́n kò yí padà.

Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, ẹ jẹ́ kí a lo ọmọ ayò méjì àti ihò méjì péré, kí a sì gbà pé ètò kọ̀ọ̀kan tí a bá kà ní àǹfààní kan náà láti ṣẹlẹ̀.

(i) Bí a bá kun èkíní ní ọ̀dà pupa tí a sì kun èkejì ní dúdú, ètò mẹ́rin ni ó ṣe é ṣe: méjèèjì nínú ihò òsì, méjèèjì nínú ihò ọ̀tún, pupa lósì, dúdú lọ́tún, dúdú lósì, pupa lọ́tún. Nínú ètò mẹ́rin yìí, méjì ni wọ́n ti wà pọ̀ nínú ihò kan. Ìdajì nìyẹn. Bí James Clerk Maxwell àti Ludwig Boltzmann ṣe kà á ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nìyí.

(ii) Bí a bá nu ọ̀dà kúrò, ètò méjì tí ó gbẹ̀yìn di ọ̀kan ṣoṣo, nítorí kò sí pupa, kò sí dúdú. Ètò mẹ́ta ni ó kù. Nínú mẹ́ta yìí, méjì ni wọ́n ti wà pọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀: nínu ọ̀dà nù nìkan ti mú kí ìpàdé wọn kúrò ní ìdajì, kí ó di ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ohun tí a kò lè dá mọ̀ fẹ́ràn àti máa wà pọ̀, láìjẹ́ pé ohunkóhun ń fà wọ́n.

(iii) Bí a bá tún ṣe òfin pé ihò kan kò gbọdọ̀ gbà ju ọmọ ayò kan lọ, ètò kan ṣoṣo ni ó kù: ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tún. Ìpàdé ti di òdo.

Òtítọ́ ni pé bí a bá fi ojú tọ ọmọ ayò gidi lẹ́yìn, a lè mọ èwo ni èwo. Ti plásímà kúáńtọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìgbì ti wọnú ìgbì, kò sí ohun tí ojú lè tọ̀ lẹ́yìn mọ́.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà kejì ni Satyendra Nath Bose, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Dhaka, ní ilẹ̀ Íńdíà ìgbà náà. Ní 1924, ó fi ìwé kan ránṣẹ́ sí Albert Einstein lórí bí a ṣe yẹ kí a ka ìdì ìmọ́lẹ̀. Einstein túmọ̀ ìwé náà sí èdè Jámánì fúnra rẹ̀, ó sì mú kí a tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀nà kẹta jẹ́ ti Enrico Fermi àti Paul Dirac, tí olúkúlùkù wọn dé ibẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1926. Ìgbì ń tẹ̀lé ọ̀nà kejì. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń tẹ̀lé ẹ̀kẹta. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

4. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù: ìjókòó inú gbọ̀ngàn ìdánwò

Ní 1900, Paul Drude ní ilẹ̀ Jámánì dábàá pé kí a ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú irin sí bí afẹ́fẹ́ tí ó kún inú ìgò. Àbá yìí ṣàlàyé bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro kan. Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá jẹ́ bí afẹ́fẹ́, ó yẹ kí olúkúlùkù wọn gba ìpín tirẹ̀ nígbà tí a bá ń mú irin gbóná. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ìpín tí wọ́n gbà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ìṣirò Drude ń retí.

Ìdáhùn ti ọwọ́ Wolfgang Pauli wá ní 1925. Ó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì kò lè wà ní ipò kan náà. Ní 1927, Arnold Sommerfeld bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin yìí àti ọ̀nà ìkàwé Fermi àti Dirac fún irin.

Ẹ fojú inú wo gbọ̀ngàn ìdánwò tí a to àga sí ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, àga kan. Iwájú ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. A kò fi àga kankan sílẹ̀ títí gbogbo wọn fi jókòó tán. Ẹ̀yìn ni àga òfìfo wà. Bí alábòójútó bá wá sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè sún ẹsẹ̀ àga kan sẹ́yìn, ta ni yóò lè sún? Ẹni tí ó wà láàárín kò lè sún, nítorí ẹnìkan ti wà lórí àga tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kìkì àwọn tí ó wà ní ìparí ni àyè yóò gbà.

Bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú bàbà ṣe rí nìyí. Ẹsẹ̀ àga dúró fún ìwọ̀n agbára. A ó fi àmì eV wọn agbára náà, èyí tí í ṣe agbára tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ń ní bí fólítì kan bá tì í. Láti ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ dé ẹsẹ̀ ìkẹyìn tí ó kún nínú bàbà jẹ́ nǹkan bí 7 eV. Ooru inú yàrá kò lè fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ju nǹkan bí 0.025 eV lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn díẹ̀ tí ó wà létí ìparí nìkan ni ooru ń kàn lára. Kí ooru tó lè da gbogbo gbọ̀ngàn náà rú, ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 80,000 ní ìwọ̀n Kelvin, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́wàá ooru ojú oòrùn lọ. Bàbà á ti yọ́, á sì ti fò lọ tipẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun ìyanu kan. Àwọn tí ó wà ní ẹsẹ̀ ìkẹyìn ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 1,570 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí bàbà náà tilẹ̀ tutù dé ògógóró òtútù. Eré yìí kì í ṣe ti ooru. Àìsí àyè nísàlẹ̀ ni ó gbé wọn sókè.

5. Ìgbì: àgbájọ ọwọ́

Títí di ìsinsìnyí, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan ni a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ohun kan bá ti gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù díẹ̀ sí apá kan, ìyókù átọ́ọ̀mù tí wọ́n fi sílẹ̀ yóò fà wọ́n padà. Wọn yóò sáré padà, wọn yóò kọjá ibi tí ó yẹ kí wọ́n dúró sí, a ó sì tún fà wọ́n padà. Báyìí ni gbogbo agbo wọn yóò máa fì síwájú, fì sẹ́yìn, bí ìgbà tí a ti ọmọdé lórí okùn jangirọ́fà. Lewi Tonks àti Langmuir ṣe ìṣirò fífì yìí ní 1929.

Bí wọ́n bá ṣe fún pọ̀ tó ni fífì náà ṣe ń yá tó. Nínú iná gbọọrọ, ó jẹ́ bíi bílíọ̀nù mélòó kan ní ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú irin, ó ju bílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù kan lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí fífì tirẹ̀ kò yá tó ti agbo yìí kò lè wọlé; a ó dá a padà. Ìdí pàtàkì tí fàdákà àti alumíníọ̀mù fi ń dán bíi dígí nìyí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó yá jù ú lọ yóò là á kọjá. Ní 1933, R. W. Wood ní Amẹ́ríkà fi hàn pé irin bíi sódíọ̀mù, tí ojú kò lè là kọjá, a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò rí kọjá lára òun.

Ìgbì yìí pẹ̀lú ṣe é kà. Láti ìgbà Max Planck ní 1900 ni a ti mọ̀ pé ohun tí ó bá ń fì kì í gba agbára bí ẹni ń da omi. Ìdì-ìdì ni ó ń gbà á. Nínú alumíníọ̀mù, ìdì kan jẹ́ nǹkan bí 15 eV. Bí a bá yin ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó lágbára la pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù tín-ínrín kọjá, àwọn kan yóò jáde pẹ̀lú àdánù 15, àwọn mìíràn 30, àwọn mìíràn 45. David Bohm àti David Pines ni ó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké láàárín 1951 sí 1953, Pines sì sọ ìdì náà ní plásímọ́ọ̀nù ní 1956.

Ìdì wọ̀nyí ni ọmọ ayò tí a kò kùn. Ìgbì kan lè gba ìdì kan, ó lè gba ẹgbẹ̀rún. Nínú iná gbọọrọ, ìdì kan kéré tó bẹ́ẹ̀ sí agbára ooru tí ìgbì kan fi lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ìdì ni wọ́n. Nínú alumíníọ̀mù, ìdì kan tó bí ìlọ́po 600 agbára ooru inú yàrá, nítorí náà ooru kò lè gbé ẹyọ kan dìde. A ní láti yin nǹkan lù ú kí ó tó jí.

6. Ibi tí ìkàwé méjèèjì ti pàdé

Kí ni ń pa ìgbì? Ní 1946, Lev Landau ní Rọ́ṣíà fi ìṣirò hàn pé ìgbì inú plásímà lè kú láìjẹ́ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọlu ara wọn. Ẹni tí yóò bọ́ sínú mólúè tí ń lọ gbọ́dọ̀ sá eré tí ó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Bákan náà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí eré rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti ìgbì ni ó lè bọ́ sí i, kí ó sì máa jẹ agbára rẹ̀. Nínú plásímà tí ó gbóná, onírúurú eré ni ó wà. A ó sáà rí àwọn tí yóò bá ìgbì dọ́gba.

Ṣùgbọ́n nínú plásímà kúáńtọ̀mù tí ó tutù, ẹsẹ̀ àga ní ìparí. Kò sí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ń sáré ju àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ. Ìgbì tí ó gùn ń yára ju gbogbo wọn lọ, kò sì sí ẹni tí yóò lé e bá. Òfin tí ó so àga mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó wá di odi ààbò fún ìgbì. Bí ìgbì náà bá ń kúrú sí i, yóò dé ibi tí eré rẹ̀ ti bọ́ sáàárín eré tiwọn. Níbẹ̀ ni yóò ti fọ́ sọ́wọ́ wọn, kìkì bí ẹni tí yóò gba agbára náà bá rí àga òfìfo tí yóò bọ́ sí. Èyí kò sọ pé ìgbì gígùn kì í kú rárá, nítorí ìtò átọ́ọ̀mù inú irin pẹ̀lú ń jẹ nínú agbára rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé bí a ṣe ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó ń pinnu bí ìdì ìgbì yóò ṣe pẹ́ tó.

7. Lójú ọ̀run

Ìràwọ̀ kan wà tí ó ń bá Sirius rìn, tí à ń pè ní Sirius B. Ó wúwo tó oòrùn wa, bẹ́ẹ̀ ni kò tóbi ju ayé yìí lọ ní ìwọ̀nba. Iná inú rẹ̀ ti tán. Kí ni kò jẹ́ kí ó wó sínú ara rẹ̀? Ní 1926, R. H. Fowler dáhùn pé òfin Pauli ni. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ti fún pọ̀ dé ibi tí wọn kò fi rí àga nísàlẹ̀ mọ́. Eré àwọn tí ó wà lókè ni ó gbé ìràwọ̀ náà dúró. Ní 1930, Subrahmanyan Chandrasekhar, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Íńdíà, ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba láti kàwé. Nínú ọkọ̀ náà ni ó ti ń ṣe ìṣirò tí ó fi hàn pé ìgbéró yìí ní òpin. Òpin tí a mọ̀ lónìí ni ìwọ̀n bí 1.4 oòrùn wa. Ìràwọ̀ irú èyí tí ó bá kọjá ibẹ̀ kò lè dúró. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1983.

8. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra fún

Èkíní, kí a má sọ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù "kórìíra ara wọn" nígbà tí a bá ń ṣàlàyé òfin Pauli. Òtítọ́ ni pé agbára iná mànàmáná ń mú kí wọ́n lé ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Níútírọ́ọ̀nù kò ní irú agbára iná bẹ́ẹ̀ rárá, síbẹ̀ ó ń pa òfin Pauli mọ́.

Èkejì, kí a sọ "ipò", kí a má sọ "ibi". Ipò kó bí nǹkan ṣe ń rìn àti bí ó ṣe ń yí mọ́ra. Oríṣi ìyí méjì ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní, nítorí náà méjì lè jọ ní ìrìn kan náà bí ìyí wọn bá yàtọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a má fi "gbóná" dípò "ní agbára". Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú bàbà tútù ní agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ooru ni.

Èdè wa fúnra rẹ̀ tún ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí padà nítorí iye: ọmọ ayò kan, ọmọ ayò mẹ́ta. Iye ni ó ń yí, orúkọ dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti mọ èyí lára kò ní pẹ́ rí i pé a lè mọ iye láìmọ èwo ni èwo.

Fún olùdánwò, ìbéèrè kan tó láti fi mọ ẹni tí ó lóye yàtọ̀ sí ẹni tí ó há a sórí: kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ètò ọmọ ayò méjì nínú ihò mẹ́ta ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdáhùn ni 9, 6 àti 3.

9. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti ìgbì jọ ń gbé inú ilé kan, ṣùgbọ́n pé ìkàwé tí ó tọ́ sí wọn yàtọ̀, àti pé ìkàwé ti èkíní ń dá ààbò bo èkejì.

Ó yẹ kí a rántí pé Bose, tí ìkàwé kejì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí àárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní 1948, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Calcutta, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kálẹ̀ ní èdè Bẹ̀ngálì, èdè abínibí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ tí ó kù ni pé kí a gbé e kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pọn dandan kí a kọ́kọ́ dúró de ọ̀rọ̀ tuntun ẹgbẹ̀rún kan. Ọpọ́n ayò wà nílé, gbọ̀ngàn ìdánwò wà níléèwé. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ mọ ohun tí ó ń kà.